Ohùn Tí À Ń Fojú Rí

Ọkùnrin kan jókòó lórí pèpéle, ó gbé ọmọlángidi lé itan. Ọwọ́ rẹ̀ kan ti wọ ẹ̀yìn ọmọlángidi náà lọ, a kò rí i mọ́. Àgbọ̀n igi náà ń là, ó ń pàdé. Ètè ọkùnrin náà kò mì. Èrò tó dúró níwájú pèpéle ń rẹ́rìn-ín. Ẹnu igi ni wọ́n ń wò, kò sẹ́ni tó wo ẹnu ẹni tó ni ohùn. Láàárín wọn, ọmọbìnrin kan rọra ń rìn kiri, ó ń yọ owó lápò àwọn tí ẹ̀rín gbà lọ́kàn. Àwa tí à ń wo gbogbo rẹ̀ lójú àwòrán kò gbọ́ nǹkan kan, nítorí fíìmù aláìfọhùn ni. Ọdún 1925 ni ó jáde, láti ilé iṣẹ́ Metro-Goldwyn-Mayer ní Amẹ́ríkà. The Unholy Three ni orúkọ rẹ̀. Tod Browning ló darí rẹ̀. Lon Chaney ni ọkùnrin orí pèpéle, tí wọ́n ń pè ní Professor Echo nínú ìtàn.

Ìtàn olè ohun ọ̀ṣọ́ ni. Ẹ̀gbà ọrùn olókùúta rúbì ni wọ́n jí, ẹ̀mí ènìyàn sì bá a lọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀gbà yẹn ló mú mi jókòó tì í. Gbogbo ète àwọn olè inú rẹ̀, orí ohùn ló dúró lé: ohùn tí ẹnì kan ń jù sẹ́nu ọmọlángidi, sẹ́nu ẹyẹ, sẹ́nu ènìyàn. Fíìmù náà fúnra rẹ̀ kò sì ní ohùn. Bí àwọn tó ṣe é ṣe wá ọ̀nà gbà níbi tí ọ̀nà dí yìí ni mo fẹ́ tọ̀ lẹ́sẹẹsẹ.

Ìpọ̀nrí ní Èkó ni mo ti wò ó, nínú yàrá, lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2021 ni òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ ti tú u sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ó sì wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀dà tí mo rí ní orin tí wọ́n fi kún un lẹ́yìn. Mo pa orin náà. Ariwo tó kù, ti àdúgbò ni: jẹnẹrétọ̀ ojúlé kejì, àti ọkọ̀ tó ń sáré lọ sáré bọ̀ lójú títì Funsho Williams. Ìyá téló tí ṣọ́ọ̀bù wọn wà níwájú ilé wa wọlé wá gba omi tútù, wọ́n rí àwòrán náà, wọ́n fa àga. Aṣọ kan tí wọ́n ń tú ojú rírán rẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn.

“Kí ló dé tí kò sọ̀rọ̀? Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?”

“Rárá o, Mà. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe é.”

“Ó dáa. Jẹ́ n wò ó.”

Kí á tó lọ jìnnà, ó yẹ kí á mọ ilé tí Chaney ti wá. Wọ́n bí i ní Colorado Springs ní 1883. Adití ni bàbá rẹ̀, adití ni ìyá rẹ̀. Bàbá ìyá rẹ̀ ló sì dá ilé ẹ̀kọ́ àwọn adití sílẹ̀ ní Colorado ní 1874. Nígbà tí làkúrègbé dá ìyá dùbúlẹ̀, ọmọ yìí ni í jáde lọ sígboro, tí í padà wá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì láti fi ojú, ọwọ́ àti ìdúró ròyìn ohun tó rí fún un. Ìròyìn ọjọ́ kan, láti òkèèrè títí dé ẹnu ọ̀nà ilé wọn, ara ni ó fi ń sọ ọ́. Bí ó bá ṣe é ní àṣejù, ìyá yóò rí i. Bí ó bá ṣe é kò tó, kò ní yé ìyá. Ilé ẹ̀kọ́ tó kọ́ ọ níṣẹ́ nìyẹn, kí ó tó di pé ẹnikẹ́ni gbé kámẹ́rà dúró níwájú rẹ̀.

Aráyé mọ̀ ọ́n sí ẹni tí í fi àtíkè, irun àti ìda pa ojú dà. Ní 1923 ó di abuké nínú The Hunchback of Notre Dame. Ní ọdún 1925 kan náà ló di abàmì inú The Phantom of the Opera. Nígbà tó yá, òun ni àwọn tó ń ṣe ìwé ìmọ̀ ńlá Encyclopaedia Britannica ní kí ó kọ àlàyé lórí iṣẹ́ ìparadà ojú. Ṣùgbọ́n nínú fíìmù tí mò ń sọ yìí, ó kó èyí tó pọ̀ jù nínú irinṣẹ́ náà tì. Wíìgì irun funfun, jígí ojú kékeré, aṣọ dúdú gígùn, ìborùn: kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyẹn ló fi di Ìyá O’Grady, arúgbó tó ní ṣọ́ọ̀bù ẹyẹ.

Ẹ wo bí ó ṣe ń wọ inú arúgbó náà. Kò kọ́kọ́ tẹ ẹ̀yìn. Orúnkún ló kọ́kọ́ rọ̀, lẹ́yìn náà èjìká méjèèjì sún mọ́ra, wọ́n sì wá síwájú díẹ̀. Ìgbọ̀nwọ́ lẹ̀ mọ́ ìhà. Orí wá yọ síwájú bí ti ẹni tí etí rẹ̀ ti ń wúwo. Ìyá téló ló fi ohun tí n kò rí hàn mí. Wọ́n ní, “Wo ọwọ́ rẹ̀. Ọkùnrin tó bá wọ yẹ̀rì, ọwọ́ rẹ̀ kì í mọ ibi tí yóò wà. Ti èyí mọ̀ ọ́n.” Lóòótọ́ ni. Ọwọ́ Chaney máa ń wá ibi tí aṣọ ti ṣẹ́, á fa ìborùn, á sinmi níwájú ikùn, kò sì ronú kó tó ṣe é. Nígbà tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn bá wá pa dé, tí kò sí oníbàárà nítòsí mọ́, á na gbogbo ara, á ká wíìgì kúrò lórí. Aṣọ arúgbó ṣì wà lọ́rùn, ṣùgbọ́n ọkùnrin tó le koko ló dúró nínú rẹ̀. Kò ti ojú pa dà. Egungun ara nìkan ló tún ara rẹ̀ tò.

Ète náà lọ báyìí. Echo kó àwọn ayékòótọ́ tí kò lè sọ̀rọ̀ sí ṣọ́ọ̀bù. Bí oníbàárà bá dé, arúgbó á dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ àgò, ẹyẹ á sì máa “sọ̀rọ̀” kedere. Oníbàárà á sanwó gọbọi. Bí ó bá délé, ẹyẹ á yadi. Olówó á pe ṣọ́ọ̀bù pé wọ́n rẹ́ òun jẹ. Ìyá arúgbó á wá sílé olówó fúnra rẹ̀ láti wo ohun tó ṣe ẹyẹ, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ rẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ ọmọ. Wọ́n á wo ilẹ̀kùn, fèrèsé, ibi tí wọ́n ń kó ohun iyebíye sí. Òru ni wọ́n á padà wá.

Báwo ni wọ́n ṣe fi hàn pé ẹyẹ ń sọ̀rọ̀? Ó rọrùn láti kọ ọ̀rọ̀ ẹyẹ sórí pátákó, bí wọ́n ti ń kọ ọ̀rọ̀ ènìyàn, kí wọ́n sì gbé pátákó náà sáàárín àwòrán méjì. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀, a ó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù kí a tó ka ọ̀rọ̀. A kò ní rí arúgbó pẹ̀lú ètè rẹ̀ tó pa dé ní àsìkò kan náà tí ọ̀rọ̀ ń jáde. Nítorí náà, wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sójú àwòrán gan-an, nínú ìlà róbótó tí ìrù rẹ̀ kọjú sí ẹnu ẹyẹ, bí àwọn ayàwòrán ẹ̀fẹ̀ ṣe ń ṣe é nínú ìwé ìròyìn. Ọ̀rọ̀, ẹyẹ, oníbàárà àti onírọ́ náà wà lójú kan. Ojú wa á lọ síbi ọ̀rọ̀, á bọ́ sí ẹnu ẹyẹ, lẹ́yìn náà nìkan ni a máa rántí láti wo arúgbó. Ọ̀nà tí oníjìbìtì gbà ń darí ojú oníbàárà rẹ̀ nìyẹn. Browning fi ọ̀nà kan náà darí ojú tiwa.

Browning mọ irú ọjà bẹ́ẹ̀ láti inú wá. Kó tó di olùdarí, ó ti bá àwọn onísákọ́ọ̀sì àti oníran ọjà rìn káàkiri láti ìgbà èwe rẹ̀. Mo gbà pé ìdí nìyí tí àwọn tó ń wòran nínú fíìmù rẹ̀ kì í fi í jọ òmùgọ̀. Wọ́n ń wo ibi tí wọ́n ní kí wọ́n wò ni.

Ọdún 1930 ni wọ́n tún ìtàn yìí ṣe, ní olóhùn, Jack Conway ló sì darí rẹ̀. Òun ni fíìmù olóhùn kan ṣoṣo tí Chaney ṣe láyé. Ilé iṣẹ́ náà ní kó fọwọ́ sí ìwé ìbúra pé ohùn márààrún tí a gbọ́, ti ọkùnrin orí pèpéle, ti arúgbó, ti ọmọlángidi, ti ayékòótọ́ àti ti ọmọbìnrin kan, tirẹ̀ ni gbogbo wọn. Ó fọwọ́ sí i. Ní August ọdún náà ni àrùn jẹjẹrẹ pa á, ìgbà tí fíìmù náà ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Mo ti wo méjèèjì. Iṣẹ́ ńlá ni ohùn márùn-ún náà, mo sì bọ̀wọ̀ fún un. Síbẹ̀, bí ẹyẹ bá ti fọhùn ní tòótọ́, kò sí ohun tí ojú ní láti ṣe mọ́, ìlà róbótó yẹn sì di ohun àná.

Ọmọ inú kẹ̀kẹ́ ńkọ́? Harry Earles ni, ọmọ Jámánì, ẹni ọdún mẹ́tàlélógún tí kò ga ju ọmọdé lọ. Tweedledee ni wọ́n ń pè é nínú ìtàn. Wọ́n dé fìlà ọmọdé sí i lórí, wọ́n wọ aṣọ ọmọ ọwọ́ fún un. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ lẹ́yìn ilé, á ki sìgá ńlá bọnu. Nínú gbogbo fíìmù náà, kò sí ibi tí àyípadà ti yá tó ti ojú rẹ̀. Iwájú orí á kọ́kọ́ fẹ̀, ìpéǹpéjú á gòkè, ètè ìsàlẹ̀ á rọ̀ sílẹ̀: ọmọ dé. Kí ẹni tó tẹ́jú mọ́ ọn tó yíjú, ìpéǹpéjú ti bọ́ sílẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti le: olè dé. Kámẹ́rà kò kúrò níwájú rẹ̀ nígbà tó ń ṣe é. Kò sí àtíkè níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí idán, iṣan ojú ni.

Ẹnì kẹta wọn ni Hercules, alágbára, tí Victor McLaglen ṣe. Akànṣẹ́ ni McLaglen tẹ́lẹ̀. Ní 1909, ó bá Jack Johnson, adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó gba adé àgbáyé nínú ìjà akànṣẹ́ ti àwọn tó wúwo jù, ja ìjà ìfihàn ní Vancouver. Nínú fíìmù yìí, ó ń gbé ara rẹ̀ bí ẹni tí iyàrá kéré fún.

Olówó kan tó ń jẹ́ Arlington ló ní rúbì náà. Òru àìsùn ọdún Kérésìmesì ni wọ́n fẹ́ jí i. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, Echo kò lè kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, nítorí Rosie, ọmọbìnrin tó ń yọ owó lápò níwájú pèpéle, tí Echo fẹ́ràn, ń bá Hector, akọ̀wé ṣọ́ọ̀bù tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀, ṣe igi Kérésì lọ́ṣọ̀ọ́. Owú dè é mọ́lẹ̀. Àwọn méjì yòókù lọ láìsí i, wọ́n mú rúbì bọ̀, Arlington sì kú. Ibi tí ohun tí mo fẹ́ràn jù bẹ̀rẹ̀ nìyí.

Inú ohun ìṣeré ọmọdé kan, erin, ni wọ́n tọ́jú òkúta náà sí. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ dé láti béèrè ọ̀rọ̀. Ó jókòó. Arúgbó wà níbẹ̀, “ọmọ” wà níbẹ̀, erin wà ní àrọ́wọ́tó. A mọ ohun tó wà níkùn erin. Ọlọ́pàá kò mọ̀. Ó sì gbé e, bí àgbàlagbà ṣe máa ń fọwọ́ gbé ohun ìṣeré tó bá wà lẹ́bàá rẹ̀ nígbà tó ń ronú nǹkan mìíràn.

Browning kò sá eré kankan níbí. Ó jẹ́ kí ọlọ́pàá pẹ́. Ó fi ojú arúgbó hàn wá, ó fi ojú ọmọ hàn wá, ó dá wa padà sí ọwọ́ tó di erin mú. Chaney ní láti ṣe ojú méjì lẹ́ẹ̀kan: ojú tí ọlọ́pàá ń rí, ti ìyá àgbà tó ń gba àlejò, àti ojú tí àwa nìkan gbọ́dọ̀ rí. Ẹ̀rín wà ní ètè, kò kúrò. Lókè jígí, ìpéǹpéjú ti dúró sójú kan. Ìdajì ojú ń gbàlejò, ìdajì kejì ń ka ìṣẹ́jú. Nínú fíìmù olóhùn, olùdarí kan á jẹ́ kí òkúta dún wóróworó níkùn erin. Níbí, kò sí ohun tó dún. Síbẹ̀ etí mi nà, mo ń retí wóróworó yẹn láti inú àwòrán tí kò ní etí tí kò ní ẹnu. Abẹ́ tí Ìyá téló fi ń tú aṣọ dúró. “Ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀,” ni wọ́n ń wí fún ojú kọ̀ǹpútà. Wọ́n ti gbàgbé pé olè ni wọ́n ń gbè lẹ́yìn.

Mo rántí William Sellers nígbà tí mo wo ìran yẹn. Òṣìṣẹ́ ìlera ìjọba amúnisìn ni, Èkó ló sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwòrán aláìfọhùn kọ́ àwọn ènìyàn nípa àrùn, kí ó tó di olórí Colonial Film Unit tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá sílẹ̀ ní 1939. Ọkọ̀ sinimá máa ń gbé irú àwòrán bẹ́ẹ̀ dé ìlú dé ìlú, ògbufọ̀ kan á sì dúró láti fi èdè ibẹ̀ sọ ohun tó ń lọ. Sellers gbà gbọ́ pé fíìmù fún ọmọ Áfíríkà gbọ́dọ̀ falẹ̀, kí ó má ní idán kámẹ́rà kankan, torí wọn kò ní lóye rẹ̀. Ìlú tó ti ń wo sinimá ní Glover Memorial Hall láti August 1903 ló ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹn. Láàárín ọmọ Yorùbá ló ti ń sọ ọ́, àwọn tí eégún alárìnjó ti ń di ọ̀nì, tí ó ń di ejò, lójú agbo fún wọn láti ọ̀rúndún mélòó kan. Ìyá téló kò tíì wo fíìmù aláìfọhùn rí. Kò sí ògbufọ̀ nílé mi. Ìbéèrè tí wọ́n bi mí kò ju ti ìbẹ̀rẹ̀ yẹn lọ.

Idán kámẹ́rà tó wà nínú rẹ̀ yẹ fún àfiyèsí. Echo ní ìnàkí ńlá kan nínú àgò, òun sì ni ohun kan ṣoṣo tí Hercules ń bẹ̀rù. Nígbà tí àwọn olè sá lọ sí ilé orí òkè kan, wọ́n gbé ìnàkí náà dání. Lójú àwòrán, ó ga fíofío. Ní tòótọ́, chimpanzee kan tí kò ga ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta lọ ni. Wọ́n dúró kámẹ́rà síbi tí yóò ti dà bí òmìrán. Níbi tí Echo ti ń ṣí àgò rẹ̀, tí ó ń mú un lọ síbi ọkọ̀, ẹ̀yìn Echo nìkan la rí. Kì í ṣe Chaney. Harry Earles ni, ọmọ inú kẹ̀kẹ́ yẹn, tí wọ́n wọ aṣọ Echo fún. Torí pé òun náà kúrú, ẹranko kékeré di ńlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo dá a padà láti wo ìrìn rẹ̀. Ó ti kọ́ bí Chaney ṣe ń gbé èjìká. Ọkùnrin tó ti ń ṣe ọmọ ọwọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ wá ṣe àgbàlagbà fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá, pẹ̀lú ẹ̀yìn nìkan, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀ pé òun ni.

Àwọn olè ti gbé rúbì sínú ẹrù Hector, ọlọ́pàá ti mú un, ẹjọ́ ìpànìyàn sì wà lọ́rùn rẹ̀. Rosie bẹ Echo pé kó lọ gbà á là. Echo dé kóòtù, ó jókòó láàárín èrò, ó wọ aṣọ tirẹ̀, kò sí wíìgì. Ète kan tó kù sí i lọ́wọ́ náà ni èyí tó fi bẹ̀rẹ̀ lórí pèpéle. Ó fi ìwé ránṣẹ́: kí Hector bọ́ sí àpótí ẹlẹ́rìí, kí ó máa mi ètè rẹ̀ nìkan, kí ohùn má jáde. Echo ni yóò sọ̀rọ̀ láti ibi tó jókòó sí.

Hector gòkè. Àdúrà Olúwa ló ń fi ètè kà, láìfọhùn.

Ẹ wo ìṣòro tí Browning gbé ka ara rẹ̀ lórí. Nínú fíìmù yìí, gbogbo ènìyàn ló ń mi ètè láìsí ohùn: adájọ́, agbẹjọ́rò, ọlọ́pàá, oníbàárà. Ó wá ní kí a gbà pé ti ẹnì kan ṣoṣo yìí yàtọ̀, pé òun ni ohùn kò sí lẹ́nu rẹ̀ ní tòótọ́, àti pé ohùn tí kóòtù ń gbọ́ ń ti ẹnu tó pa dé jáde. Kò lè fi etí ṣàlàyé rẹ̀ fún wa. Ojú ló fi ṣe é. Ètè Hector ń lọ, ojú rẹ̀ kò sì bá ètè náà rìn. Ó ń wo ọ̀kánkán bí ẹni tó ń ka ohun tí kò sí níbẹ̀. Ti Chaney wá jẹ́ òdìkejì: ètè dúró, gbogbo ìyókù ojú ń ṣiṣẹ́, ọ̀fun ń le, ojú kò ṣẹ́. Bí a bá pa ojú méjèèjì pọ̀, odindi ẹnì kan tó ń sọ̀rọ̀ ni.

“Dá a padà sẹ́yìn,” ni Ìyá téló wí. Mo dá a padà. Wọ́n gbé aṣọ sílẹ̀, wọ́n sún mọ́ ọn, wọ́n ń wo ẹnu ọ̀kan, wọ́n ń wo ẹnu èkejì.

Ète náà kò gbà á là. Ẹ̀rí ti wúwo jù fún ọ̀rọ̀ ẹnu, ti ẹnikẹ́ni tí ì báà jẹ́. Echo jókòó, ó ń fọwọ́ ra ọwọ́, ó dìde, ó tún fà sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ó sáré bọ́ síwájú adájọ́, ó la ẹnu, ó sì jẹ́wọ́.